Ìlú Mi Tí Ọ̀tá Yí Ká

Ìyàwó mi, Ọ̀gágun,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Jọ̀ọ́, má tíì pa kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀tá yí ìlú tí mo ń kọ́ nínú géèmù ká, mi ò sì ní ṣọ́jà kan ṣoṣo. O kúkú wí fún mi nígbà tí mo ń fi gbogbo owó ìlú náà kọ́ afárá: "Olówó orí mi, afárá kì í jagun o!" Ìwọ lo fẹ́ràn ogun, géèmù tó ń dúró kí èèyàn rò ó ni tèmi. Àdúgbò ìyá mi, tí mi ò tíì padà sí láti ìgbà èwe, ni mo ń fi ìrántí kọ́ síbẹ̀.

Àwọn ọ̀tá ò lè wọlé àfi tí a bá tẹ bọ́tìnnì tó ń mú géèmù tẹ̀ síwájú. Ọkàn mi ò gbà kí n tẹ̀ ẹ́. Bí o bá rí ọgbọ́n dá, gbà mí. Bí kò bá sí, tẹ̀ ẹ́ kí n tó dé, má sì sọ fún mi ilé tí wọ́n kọ́kọ́ dáná sun.