Ojú Ìwé Tí Mo Máa Ń Kà fún Bàbá Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ooru Houston ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Abẹ́òkúta lọ.

Ẹ̀yin ni mò ń rántí látàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kírun Alásárì tán lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó na ìwé ìròyìn sí mi: "Hanifat, ka iye ìpín ìdókòwò fún mi." Iye tọjọ́ náà nìkan ni mo máa ń sáré kà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: "Rárá o. Wo iye tó ga jù lọ́dún yìí àti èyí tó kéré jù, kó o tó mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé iṣẹ́ epo wa ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ epo níbí, dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró lẹ́nu iṣẹ́; wọ́n ní ká lọ sinmi nílé. Mo wo iye ìpín wọn lórí fóònù kí n tó délé. Látìgbà tí wọ́n ti kéde pé àwọn ń dá wa dúró, ó ti ga ju ti gbogbo ọdún lọ! Ó wù mí kí n kà á sí yín létí.

Ẹ má ṣèyọnu, mò ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ráyè báyìí, ìgbàkígbà tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n pè mí.

Hanifat yín