Bàbá, Wọ́n Ti Gba Jẹ́sì Lọ́wọ́ Ọkọ Mi

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Èmi ọmọ yín ni. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kò sì yá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún alààyè kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Iṣẹ́ kọ́ ló rẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ ni.

Ọdún kejì rèé tí ẹ ti lọ, ẹ ò sì bá wa ṣe ìgbéyàwó. Oṣù karùn-ún ni mo wà yìí nílé ọkọ. Yàrá kan là ń gbé ní Agbowó, lẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ háyà, ariwo wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń rò nínú. Làmídì ni mo fẹ́, kípà yín, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ní pápá Bódìjà láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ṣé inú yín dùn sí i? Mi ò ráyè bi yín nígbà tí ẹ wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Bọ̀ọ̀dá Láyí ránṣẹ́ pè mí. Ẹ rántí wọn, àwọn tí wọ́n máa ń jẹ ẹ̀bà nílé wa ní Ẹlẹ́yẹlé bí ẹni pé ìyá wọn kò dáná rí. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín báyìí. Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ring Road. Wọ́n ra mínírà fún mi, ara sì fu mí, torí Bọ̀ọ̀dá Láyí kì í ra nǹkan fún èèyàn lásán.

“Àbúrò mi, ọkọ rẹ ti dàgbà fún ojú ilé. Èjìká ọ̀tún yẹn ò gòkè mọ́, gbogbo wa la ń rí i. A ti rí ọ̀dọ́ kan. Ṣùgbọ́n a ò lé e o! Ipò bàbá yín la fẹ́ fi í sí, kó máa kọ́ àwọn kípà. Ìwọ ni kó o bá wa sọ fún un.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ fún un ni, Bọ̀ọ̀dá?”

“Èmi kẹ̀? Kó gbá mi létí? Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu ará ilé ẹni lèèyàn ti ń gbọ́ ọ. Títí ọjọ́ Sátidé o.”

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yín, wọn kì í sọ fún kípà lórí pápá pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n á lọ bá ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ nílé, kí ìtìjú má baà bá a lójú àwọn ọmọdé. Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀ nígbà tí ẹ di kóòṣì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ ro ti ìyàwó tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀?

Ọjọ́ Ajé, mo ní màá sọ ọ́ tó bá jẹun tán. Ó jẹun tán, ó ń fi ẹnu ṣe bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ṣe ń jà nítorí omi, mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò sì fẹ́ ba ẹ̀rín yẹn jẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń fi òróró gbígbóná pa èjìká náà fún un, ó ń sọ pé àsìkò yìí gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ojú ilé í ṣọ́. Kí ni kí n wí? Báyìí ni ọjọ́ ń lọ. Bọ̀ọ̀dá Láyí rò pé mo ti sọ ọ́. Ọkọ mi rò pé kò sí nǹkan kan. Èmi nìkan ni mò ń jí, tí mò ń sùn lé e.

Sátidé dé, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti ilé, ó lọ. Ó dé pápá, ó rí ọmọ kan tó ti wọ jẹ́sì rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà bọ́ ọ. Ọmọ yẹn ń wojú Bọ̀ọ̀dá Láyí. Bọ̀ọ̀dá Láyí ní, “Ṣé ìyàwó ẹ ò sọ fún ẹ ni?” Lójú gbogbo wọn, Bàbá. Lójú àwọn tí ń ta omi pàápàá.

Nígbà tó padà wálé, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

“O mọ̀,” ló sọ. “O mọ̀, o sì ń fi òróró pa mí léjìká.”

Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń kí mi láàárọ̀ bí àlejò, ògiri ló sì ń kọjú sí tó bá dùbúlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Láyí wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá gba iṣẹ́ kóòṣì. Ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún lẹ́yìn tí wọ́n lọ: “Kóòṣì ni wọ́n ń pe ẹni tí wọn ò nílò mọ́. Kípà òyìnbó yẹn ńkọ́? Ṣé kò lé lógójì kó tó kúrò lójú ilé ni?”

Òyìnbó yín ló ń wí, kípà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa ń tìtorí rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ní Ojoo. Ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù, òun lẹ máa ń wò, tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀ ẹ ó máa bínú sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mọ ìtàn ayé rẹ̀ bí ẹni mọ ti àbúrò rẹ̀. Pé ọmọdé ló wọ ẹgbẹ́ yẹn. Pé ọdún méje ló fi jókòó lórí bẹ́ńṣì, tó ń wo ẹlòmíràn. Pé nígbà tí ẹgbẹ́ náà já sí ìpele ìsàlẹ̀, àwọn ìràwọ̀ sá lọ, òun dúró. Ẹ máa ń ní ẹni tó bá lè jókòó ló lè dúró. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo ìyẹn lẹ́nu yín, ṣùgbọ́n ibi tó wù ú ló dì mú.

Àná ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kó má baà rí ibi jáde.

“Òyìnbó yẹn ti di kóòṣì,” mo ní. “Bàbá mi ló fi hàn mí. Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí kípà tuntun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ kan náà.”

“Òyìnbó nìyẹn. Ẹ̀rín ló máa ń rín.” Ó wá wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé yẹn nìyẹn. “Bàbá náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n fi ojú ilé sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Wọ́n fọwọ́ ara wọn fa ìbọ̀wọ́ lé ẹni tó gbapò wọn lọ́wọ́, wọ́n sì jó kúrò lórí pápá. Èmi ò lè jó.”

Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo sọ ọ́. Mo sọ pé ẹ délé lọ́jọ́ náà, ẹ wọ balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, ẹ ń da omi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún yín. Mo sọ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo gbé ọṣẹ wá, mo sì rí yín. Mo ti ṣèlérí fún yín pé Ìyá mi pàápàá kò ní gbọ́, wọn kò sì gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Ijó yín ló ń pa á.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá? Bàbá tiwa yìí?”

“Àwọn náà ni.”

“Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀?”

“Ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n gbé àpò bọ́ọ̀lù, wọ́n lọ sí pápá.”

“Èmi ti lo ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Ẹ̀yin lẹ lágídí jù wọ́n lọ.”

Mi ò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

Láàárọ̀ yìí, ó jáde, kò sọ ibi tó ń lọ. Mo ń rò ó pé bóyá ó lọ bá Bọ̀ọ̀dá Láyí jà ni, tàbí ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún jẹ́sì. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó wọlé. Mo kí i káàbọ̀, ó la ẹnu, kò sí ohùn. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun, ó nawọ́ sí ìkòkò omi. Ife mẹ́ta ló mu léraléra. Ẹni tó ń ṣọ́lé, ara nìkan ló máa ń rẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹni tó ń kígbe kọ́ àwọn kípà ló ń pàdánù ohùn.

Kò tíì dárí jì mí tán, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣí èjìká ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí.

Mo ti pa á fún un. Ó ti sùn lọ síbi tó jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé orí rẹ̀ lé ìrọ̀rí.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò lè pa àṣírí yín mọ́ títí dópin, tí ìfẹ́ yín kò sì tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.