Ọjọ́ Orí Mẹ́ta Tí Mo Kọ Fún Tẹlisíkóòpù

Nínú ilé rẹ tí mò ń bá ọ ṣọ́,
Ìgàndò,
Ọjọ́ Ẹtì.

Fẹ́kọ́mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, mo kí ọ kú ọyẹ́ Àbújá tí wọ́n ní ó ń bó ètè ènìyàn bí ẹni ń bó iṣu. Olúwa tó mú ọ débẹ̀ yóò jẹ́ kí o parí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́sàn-án náà ní àlàáfíà, wọn ò ní fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tìrẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìwé ẹ̀rí, ibi tí o bá sì jókòó sí, ojú rere ni wọ́n á máa fi wò ọ́. Àmín. Èmi náà wà bí mo ṣe wà, àyàfi orúnkún ọ̀tún tó ń ké bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ. Mo ti fi òróró sí ilẹ̀kùn, orúnkún ló kù. Láti ilé l'Ékìtì, àbúrò mi ránṣẹ́ pé ewúrẹ́ tí mo fi sílẹ̀ bí ìbejì, òun sì ti sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo ní ta ló ń sọ ohun tó máa jẹ lórúkọ?

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù, Fẹ́kọ́mi. Ògiri ilé rẹ yìí fẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ wa gan-an sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbé. Tí mo bá tún sọ ọ́ lórí fóònù, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ibi tí o ti ń rẹ́rìn-ín lowó fóònù á ti tán.

Ọ̀rọ̀ tẹlisíkóòpù rẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣé o rántí pé o rán mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan n'Íkẹjà pé kí n bá ọ ra ẹ̀rọ tí o máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ nípa ìràwọ̀? O kìlọ̀ fún mi pé kí n má wo iye ìgbà tí wọ́n bá kọ sára páálí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá, pé bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe gbòòrò tó ni kí n wò, torí ojú tó gbòòrò ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí n sì mi ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé. Mo débẹ̀, mo rí páálí kan tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà ló fi ń sọ nǹkan di ńlá, ọkàn mi sì fò lọ bá a. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà, tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ pé wọn ò tẹ̀lé ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbà mí, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ó wá ku méjì. Ọ̀kan sanra bí dúrọ́ọ̀mù omi, ojú rẹ̀ gbòòrò gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, ìwọ fúnra rẹ lo máa mọ ibi tí ìràwọ̀ tí ò ń wá wà. Ìkejì kéré sí i díẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà nínú pẹ̀lú rìmóòtù, o kàn máa sọ ohun tí o fẹ́ rí, á sì yí ara rẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ro ti àtẹ̀gùn ilé rẹ, mo ro ti orúnkún mi, mo mú oní-kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún ọ nígbà yẹn pé ọgbọ́n ni mo fi yàn án. Ọ̀lẹ ni. Nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ sí Abúlé Ẹ̀gbá, mo gbé páálí náà lé itan, obìnrin kan bi mí bóyá ẹ̀rọ ìlọta ni, mo ní rárá, òṣùpá la fi ń wò. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi sọ̀kalẹ̀.

Wàyí o, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí. Opó tó ń gbé nísàlẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, tí o ní kí n máa fún ní kọ́kọ́rọ́ tí mo bá ń jáde. Mò ń fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, mò ń jáde láìní ibi tí mò ń lọ, kí n ṣáà lè fún un ní kọ́kọ́rọ́. Tó bá ń lọ sọ́jà Ìkòtún, èmi ni mò ń gbé àpò. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àwọn ayálégbé ilé yìí ń rí mi lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè mí. Tó bá jẹ́ ajá ni mí náà, ajá tó ń jẹun dáadáa ni, torí obìnrin yẹn mọ ọbẹ̀ sè.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà, ọmọ mi, ojú ń tì mí o: mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí màmá rẹ ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè gba ipò rẹ̀, mi ò sì wá ẹni tó máa gbà á. Ẹni tí a jọ máa jiyàn pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ ni mò ń wá, torí tí mo bá ń dá a sọ, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ fún un ni Nọ́ọ̀sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní ọkọ òun tó kú fi ọdún mẹ́rìnlá ju òun lọ, ọdún mẹ́fà lòun fi tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ní òun ti ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn, òun ti ṣe nọ́ọ̀sì nílé, òun ò tún tọ́jú arúgbó kankan mọ́. Ó wá bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ, mo ní mọ́kàndínláàádọ́rin. Ìwọ mọ̀ pé mẹ́tàléláàádọ́rin ló wà nínú ìwé ìjọba mi. Ohun tí ìwọ pàápàá ò mọ̀ ni pé ìwé ìjọba yẹn náà ń parọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaji Yahya, lánlọ́ọ̀dù rẹ, ní kí n tó gbé nǹkankan dúró lórí dẹ́kìn òkè ilé òun, àfi kí òun fojú ara òun rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe, torí àwọn kan ti sọ fún òun pé yàrá oníyàrá ni wọ́n fi ń yọjú wò. Mo ní kí wọ́n gòkè wá lọ́jọ́ Sátidé. Alhaji wá, Nọ́ọ̀sì wá, àwọn ayálégbé bíi mẹ́fà wá. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, wọ́n ti mú iná lọ, afẹ́fẹ́ sì ti gbé èéfín ààtàn gba ibòmíràn lọ. Òṣùpá wà lókè gbangba bí ìlàjì àgbọn. Ọmọ ọdún méjì á nawọ́ sí i.

Mo na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mo tan rìmóòtù. Ó kọ́kọ́ béèrè ìlú. Mo wá ìlú wa títí, kò sí níbẹ̀, inú bí mi, mo fi Èkó sí i bí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ti ń ṣe. Ó wá béèrè ọjọ́, oṣù àti ọdún. Fẹ́kọ́mi, gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ láyé mi, ti báńkì o, ti káàdì ìdánimọ̀ o, ti owó ìfẹ̀yìntì o, tí wọ́n bá ti béèrè ìlú tán, ọjọ́ ìbí ló kàn. Nọ́ọ̀sì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ìka mi. Mo kọ ọjọ́ ìbí mi, mo fi 1957 sí ọdún rẹ̀, kó lè bá irọ́ tí mo pa fún un mu.

Mo ní kí ó lọ sí òṣùpá. Ó ń dún gíín, ó yí, ó kẹ̀yìn sí òṣùpá, ó dojú kọ táńkì omi Alhaji. Alhaji bi mí bóyá òṣùpá ti wọ inú táńkì òun ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kọ̀ǹpútà máa ń ronú díẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn, ṣùgbọ́n inú mi ti ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ yìí ti mọ̀. Ẹni tó tà á fún wa kúkú sọ pé ó ń bá sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́, kí sì ni sátẹ́láìtì ò mọ̀? Mo rọra kọ 1953, ti inú ìwé ìjọba. Lọ́tẹ̀ yìí kò tiẹ̀ mira. Ó kọ ọ́ sójú rìmóòtù pé ohun tí mò ń wá wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo kọ ọjọ́ ìbí mi, ẹ̀rọ ní abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kí n wà!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, orí dẹ́kìn Alhaji ni òtítọ́ bá mi sí. Mo ṣí fìlà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ọdún 1949 ni wọ́n bí mi, ó wà nínú ìwé ìrìbọmi mi. Mo ní mo gé ọdún mẹ́rin fún ìjọba kí n lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, mo sì tún gé mẹ́rin nítorí ẹnì kan tó dúró síbí yìí. Mo tẹ 1949. Mo sọ fún ẹ̀rọ náà pé tó bá jẹ́ òtítọ́ ló ń wá, òun nìyẹn o jàre, kó gbà á. Ó yí po, ó rọlẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé ilé kejì, níbi tí ọkùnrin kan ti tan tọ́ọ̀ṣì, tó ń fá irùngbọ̀n. Alhaji kígbe pé ohun tí òun ń sọ nìyẹn, ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, ó kà á bó ṣe máa ń ka bébà inú páálí oògùn, ó ní ọjọ́ òní ló ń béèrè. Ọjọ́ òní àti aago tó lù, kí ó lè mọ ibi tí òṣùpá wà nísinsìnyí. Ó tẹ ọjọ́ òní, ó tẹ aago, ó fi ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ jù hàn án bí ìwé ṣe wí, ẹ̀rọ sì yí jẹ́jẹ́, ó lọ dúró sójú òṣùpá gbọnrangandan. Èmi ti jẹ́wọ́ tán! Ìjẹ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe! Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Alhaji wo òṣùpá, ó ní Súbúhánàlláhì, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ní kòtò tó báyìí, àfi bí ọ̀nà iwájú ilé wa. Ó ti fún ọ láyè láti máa lo dẹ́kìn, ìyẹn ti parí. Nọ́ọ̀sì ló wò ó kẹ́yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú kúrò, kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ fún mi, kí àwọn tó kù má baà gbọ́, pé ẹ̀rọ yẹn ò béèrè ọjọ́ orí mi o, òun lòun béèrè. Ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, Fẹ́kọ́mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní mò ń jáde, ó ní kí n mú un dání. Mo wá ń rìn káàkiri Ìgàndò bí ẹni tí wọ́n lé nílé, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò.

Lọ́jọ́ kẹrin ló kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé dání. Ó ní kí n jókòó, kí n ká apá aṣọ sókè. Ó wọn ìfúnpá mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n gun àtẹ̀gùn lọ kí n gùn ún bọ̀, ó tún un wọ̀n. Ó tẹ orúnkún mi, mo pariwo, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ọjà àtijọ́, ó yẹ kó mọ ohun tó ń rà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ló wá sọ fún mi pé ọdún méjì ni ọkọ òun fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún òun, òun tí òun jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó, irọ́ lòun ò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, Fẹ́kọ́mi, pẹ̀lú orúnkún yìí, òun náà ló sì gbé mi dìde.

Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí n sọ ohun gbogbo láìfi ọ̀kan pamọ́, ohun tí o bá sọ lòun máa fi mọ èsì tí òun máa fún mi. Tí o ò bá fẹ́, sọ fún mi, mi ò ní bínú, màmá rẹ ni màmá rẹ.

Kí n tó gbàgbé, tẹlisíkóòpù yìí ń jẹ bátìrì bí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà, mẹ́jọ ló ń kó sínú lẹ́ẹ̀kan. Fi nǹkan ránṣẹ́ fún bátìrì. Fi díẹ̀ lé e fún oògùn orúnkún, Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ oògùn náà fún mi, kò sọ pé òun máa rà á. Tó bá wá ṣẹ́kù, mo nílò fìlà tuntun, kò yẹ kí ènìyàn fi fìlà tó fi tọrọ àforíjì lọ tọrọ ìyàwó. Olúwa á fún ọ ní ọkọ tí kò ní gé ọdún rẹ̀, á fún ọ lọ́mọ tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níwọ̀nba, ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, ilé rẹ tí mò ń ṣọ́ yìí, ayọ̀ lo máa bá níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ò ka lẹ́tà yìí o. Ó ní òun ò kà á, òun máa pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo sì lòun ní, pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, Fẹ́kọ́mi, má ràn mí lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé,
ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.