Àga Kẹwàá ní Sínágọ́gù Adéníyì Olúbọ̀dé

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 2024, Adéníyì Olúbọ̀dé kú ní Fìdítì. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti pa á láṣẹ, nínú aṣọ funfun lásán àti pósí tí ó ti kàn fúnra rẹ̀ láìlo ìṣó irin. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ yín kò fi bá wa níbẹ̀, tí ìdílé fi pè yín jọ lónìí.

A bí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953 sí agboolé Olúbọ̀dé, ní Fìdítì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Akinmọ̀rìn ni ìyá rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn. Ezekiel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó máa ń gbé e léjìká kọjá odò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ka ìwé mẹ́fà, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ìlọrà. Ní 1981 ó fẹ́ Adéwùnmí, ọmọ Awẹ́.

Inú ìjọ Aládùúrà ni a tọ́ ọ dàgbà. Ní 1996, níbi tí ó ti ń kan àpótí Ìwé Mímọ́ fún ìjọ Júù kan ní Àbújá, ó dúró gbọ́ àdúrà wọn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbà wọ́n sí ẹ̀sìn Júù. Ní 2005 ó padà wálé, ó kọ́ sínágọ́gù kékeré sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kì í ṣe rábì. Òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn, òun ni ó ń gbálẹ̀, òun náà ni ó ń darí àdúrà lédè Hébérù ní ọjọọjọ́ Sátidé. Ó kan àga mẹ́wàá, nítorí ọkùnrin mẹ́wàá tí ó jẹ́ Júù gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè ka àdúrà ọ̀fọ̀.

Adéwùnmí kú ní 2016. Pẹ̀lú Adéníyì fúnra rẹ̀, ọkùnrin Júù mẹ́sàn-án ni ó pé. Ezekiel, tí ó ṣì jẹ́ Aládùúrà, jókòó sórí àga kẹwàá láti bá àbúrò rẹ̀ kẹ́dùn. Àlejò tí yóò darí àdúrà kà wọ́n, ó ní wọ́n pé, ó bẹ̀rẹ̀. Adéníyì dìde, ó dá a dúró.

“Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jókòó tì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè kà yín mọ́ wọn.”

Wọn kò ka àdúrà náà. Ezekiel mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ọdún mẹ́rin ni kò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé wọn kọjú síra.

Àwọn ọmọ ìjọ kó lọ sí Ìbàdàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé kan ní 2020, Ezekiel ń kọjá, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́. Ó wọlé. Àga mẹ́wàá wà nílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀.

“Ẹ mà pẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń nu àga yín.”

Láti ìgbà náà, Ezekiel kò pa Sátidé kan jẹ. Kò gbọ́ Hébérù, a kò sì kà á mọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú Adéníyì, ọkùnrin Júù mẹ́sàn-án ni ó pé sí sínágọ́gù. Tóbilọ́ba ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n wo Ezekiel. Ezekiel mi orí. Ó gbé àga kẹwàá kúrò láàárín wọn, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Adéníyì, kí ilẹ̀ Fìdítì tù ọ́ lára.

Ó fi sílẹ̀: ọmọ méjì, Tóbilọ́ba àti Olúwabùkúnmi, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, ayùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sínágọ́gù, tí ó wà lọ́wọ́ Ezekiel, àga mẹ́wàá, àti àdúrà ọ̀fọ̀ méjì tí a kò tíì kà.