Kò Sẹ́ni Tó Di Ìwé Rẹ̀ Mú

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì
Olùkọ́ ìṣirò owó tuntun dé. Obìnrin. Ọmọdé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó kí èèyàn — Ẹlẹ́rìn-ín ni màá máa pè é níbí. Ọ̀gá Àgbà ní kó gba Kíláàsì B, kí èmi máa bá Kíláàsì A lọ. Ó tún ní lẹ́yìn ìdánwò lórí àkáǹtì kọ́ntíróòlù, ìyẹn àpapọ̀ gbèsè gbogbo oníbàárà lójú kan, òun máa mọ ẹni tí òun máa gbé kíláàsì àṣejáde fún nínú àwa méjèèjì. Kíláàsì àṣejáde! Èmi ni mo ń kọ́ wọn láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo ní, "Kò burú, sà." Ó burú.

Ọjọ́rú, 4
Mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé B kọjá. Mo ní mò ń lọ wá ṣọ́ọ̀kì ni. Irọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abala ìwé: ìwọ ni oníbàárà, ìwọ lo ra ọjà àwìn, kọ ohun tó o jẹ wá sí i. Bí ọmọ bá san díẹ̀, á yọ ọ́. Bó bá dá ọjà padà, á yọ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nídìí pátákó, àpapọ̀ nìkan ló ń kọ: àpapọ̀ àwìn lápá òsì, àpapọ̀ owó tó wọlé àti ọjà tó padà lápá ọ̀tún. Nígbà tó yá, wọ́n pe gbèsè wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n rò ó pọ̀. Ó bá ohun tó ṣẹ́ kù lórí pátákó mu rẹ́gí. Ni wọ́n bá pariwo. Àkáǹtì kọ́ntíróòlù! Ta ló ń pariwo ayọ̀ lé ìyẹn lórí?

Èmi ní tèmi — "Ọjà lósì, owó lọ́tùn-ún," kí wọ́n kọ́ ọ sórí, ó parí. Ọmọ kan yán lójú mi lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mò ń jowú. Ó ti wà lákọsílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 7
Àbíkẹ́yìn mi, B ló wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi fúnra mi kọ́ ọ ní kọ́ntíróòlù títí ó fi sunkún. "Màámi, ẹ kàn ń ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni." Lónìí ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń kọrin sínú, ó ṣe é tán. Ó tọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. "Àǹtí wa ni." Àǹtí wa! Nínú ilé mi! Ọmọ tí mo pọ̀n! Baba rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti gba oníbàárà mi o. Mo lọ ń fọ àwo tó ti mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 9
Ọ̀gá Àgbà ní èmi tí mo dàgbà jù ni kí n gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún kíláàsì méjèèjì, kí n sì máàkì í. Ọlọ́run ò sùn.

Mo mọ ibi tí màá gbé e gbà. Ọjà tí wọ́n sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ — kò yẹ kó wọ àkáǹtì àwọn tó jẹ wá lówó rárá. Ẹni tó ti sanwó, kí ló tún jẹ? Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti rí "ọjà", ọwọ́ á yá. Mo fi í síbẹ̀, iye tó tóbi jù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń dirun fún Àbíkẹ́yìn, mo fọgbọ́n bi í: ṣé Àǹtí wọn ti dé orí ọjà tí wọ́n sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Ó ní rárá. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ìṣẹ́gun, 10
Mo kìlọ̀ fún A. Wọ́n fi ń kọrin: "Ẹni tó san lójú ẹsẹ̀ kò jẹ wá!" Kò sẹ́ni tó yán. Mo pàdé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́ọ̀dẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ohùn àwọn ọmọ mi dùn ún gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín padà, ẹ̀rín tí kò dénú. Ì bá tiẹ̀ máa gbéra ga, kí n lè kórìíra rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo ti máàkì tán. Kíláàsì A fo ọjà ojú ẹsẹ̀, gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì dá padà — mi ò tiẹ̀ ka ìyẹn sí ìbéèrè líle — apá ọ̀tún ni wọ́n kó o sí. Owó lọ́tùn-ún! Ohun tí mo kọ́ wọn ni wọ́n kọ. B kó o sósì: ṣẹ́ẹ̀kì rẹ padà, o ṣì jẹ wá.

Ọjà ojú ẹsẹ̀ ńkọ́? B náà fò ó! Ọmọ kan kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Kò sẹ́ni tó di ìwé rẹ̀ mú." Mo kà á, mo tún un kà. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n wo kíláàsì wọn yíká lọ́kàn, wọn ò rí ẹni tó jẹ gbèsè yẹn, wọ́n bá fò ó.

Ẹyọ kan péré ní B ló kó o wọlé. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú pẹ́ńsù.

Ẹtì, 13
Bírò pupa wà lọ́wọ́ mi, Ọ̀gá Àgbà ò sì tíì rí ìwé kankan. Ta ni ì bá mọ̀ bí mo bá yí máàkì padà? Mo fi máàkì ránṣẹ́ bó ṣe rí. Kíláàsì àṣejáde ti di ti Ẹlẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra.

Àbámẹ́ta, 14
Àbíkẹ́yìn ò jẹun. Wọ́n ti pín ìwé, òun nìkan ló ṣì í ní kíláàsì wọn, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ọmọ olùkọ́! Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí ló dé tó fi kó ọjà ojú ẹsẹ̀ wọlé, nígbà tó yé e. Ó ní òun ti fò ó tẹ́lẹ̀. Ó ní òun wá rántí pé mo béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dirun fún òun, ló bá padà lọ kó o sí i. "Mo rò pé ẹ ń ràn mí lọ́wọ́ ni, Màámi. Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ju Àǹtí wa lọ."

Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀. Tèmi, ọmọ mi ló tọ̀ lọ.

Mo sọ òótọ́ fún un, gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun tí mo dì fún un, ó ní ẹlòmíì ni kó bá òun tún un dì.