Àpò Tí Mo Fi Gbé Ológbò Lọ Gba Abẹ́rẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

N kò ní fi "wọ́n" pe ìyá ọkọ mi nínú ìwé yìí. Kò tọ́ sí i.

Láàárọ̀, mo gbé Dúdú, ológbò mi, sínú àpò ìrẹsì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà kí dókítà ẹran lè gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Mo lu ihò sí àpò náà kó lè rí èémí mí. Dókítà ní ó máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí n jẹ́ kó sùn.

Nígbà tí mo padà délé, Ìyá pòṣé. "Ológbò gba abẹ́rẹ́! Ta ló gbé orúnkún tèmi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìyàwó?"

Ata lásán ni mo lọ rà. Kí n tó dé, ó ti ní kí ọlọ́kadà kan lọ da Dúdú sínú igbó Ìwàré, nítorí ológbò tó ń sùn lọ́sàn-án kò lè pa eku. Ó ní òun rán ihò àpò náà pa kó má baà mọ ọ̀nà padà. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ wọ́nú.

Ìyá ń pè mí báyìí láti yàrá, kí n mú òróró tó fi ń para lórúnkún wá. Mo dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, ó ti tán."

Igo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Ó kún dẹ́nu.