Ìgò Omi Mẹ́rìnlélógún Lójú Fèrèsé Mi

Kampung Tebing Lada,
Johor.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá.

Norlela ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aléékù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn orí afárá, mo sì kí ọ kú ìfaradà yàrá tí ẹ̀yin mẹ́rin jọ ń sùn sí ní Woodlands, lórílẹ̀-èdè tó wà lódìkejì afárá. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti lọ? Ní tèmi, orúnkún ọ̀tún ṣì ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, oúnjẹ sì ń lọ lẹ́nu, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá tó ní fóònù lọ́wọ́ fi ń kọ lẹ́tà. Ìdí ni pé lórí fóònù o máa ń yára béèrè, èmi náà á sì yára dáhùn pé kò sí nǹkan kan. Nǹkan kan wà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́ ilé gíga létí omi wa ti kọ̀wé sí ọ pé iṣẹ́ dúró, pé ilé tí o sanwó sí kò ní parí lọ́dún yìí. Mo gbọ́ pé ohun tí wọ́n kọ ni “nítorí àwọn ìdí kan.” Norlela, èmi ni ìdí náà. Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn tó dá ilé rẹ dúró, mo sì kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ rẹ̀ gbangba. Jọ̀wọ́, má tíì ju lẹ́tà yìí sílẹ̀.

Ṣé o rántí iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe lódìkejì afárá? Ìwọ àti ìyá rẹ máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mò ń kọ́lé, n kò sì já yín nírọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, omi òjò kò gbọdọ̀ gbé ẹrẹ̀ jáde sínú gọ́tà. Láràárọ̀ ni mò ń bu omi sínú ìgò funfun, tí mò ń gbé e sókè kí oòrùn là á já. Kámẹ́rà wà lẹ́nu gọ́tà. Tó bá ti rí ẹrẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìjọba, ẹnikẹ́ni kò ní láti lanu. Bí òjò bá ti ṣú ni ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Quek, á bẹ̀rẹ̀ ariwo: “Baba Ẹrẹ̀! Ẹ sáré o! Tí ife tíì kan péré bá gba ẹnu géètì yìí jáde, èmi pẹ̀lú yín la jọ máa kiri tíì láàárín ìgboro!” Omi ẹlẹ́rẹ̀ ló ń pè ní tíì. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, bí mo tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí inú ń bí.

Nígbà tí ìyá rẹ kú tí mo padà wálé, wọ́n ti fẹ́ máa kó iyanrìn kún etí omi wa láti kọ́ ilé gíga yẹn sí. Òfin tiwa náà wà, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́. Ó ní kí wọ́n kọ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún omi àti ẹja sínú ìwé, kí wọ́n gbé ìwé ọ̀hún síta, kí ará ìlú kà á kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Ní gbogbo ọdún tí mo lò lódìkejì, n kò rí ẹni tó gbé ìwé wá bi irú èmi pé kí ni mo rò. Inú mi dùn gan-an. Wọ́n gbé ìwé náà wá sí gbọ̀ngàn abúlé, ó nípọn tó ìrọ̀rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ilé gíga kékeré kan tí wọ́n fi páálí ṣe sí, pẹ̀lú nasi lemak, ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. A jẹun, a ya fọ́tò, wọ́n wá gbé ìwé orúkọ kalẹ̀. O mọ̀ wá. Ta ni nínú wa ló máa jẹ oúnjẹ ẹni tán kó wá kọ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ, torí wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó gbọ́ pé orúkọ wa yẹn ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà, bí ẹni pé a kà á tán, a sì gbà. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ pé ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Kò sẹ́ni tó ṣí ojú ewé kejì nínú wa.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu àwẹ̀, òjò ńlá kan fa aṣọ tí wọ́n ta sínú omi láti dá ẹrẹ̀ dúró ya. Láti orí èbúté ni mo ti rí i. Omi wa pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo sọ fún Kalsom aládùúgbò wa pé kó fọkàn balẹ̀, pé kí ọ̀sán tó pọ́n ìjọba á ti dé. Mo wá jókòó dè wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni mo fi jókòó, Norlela. Lójoojúmọ́ ni mò ń bu omi sínú ìgò kan, tí mò ń kọ ọjọ́ sí i lára, tí mò ń tò ó sójú fèrèsé, torí ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, Kalsom fa okùn tí kupang, ìṣáwùrú òkun tó ń sìn, ń lẹ̀ mọ́ sókè. Gbogbo ìkarahun ló ti yanu, òórùn sì gba èbúté kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: “Bàbá Norlela, ìjọba yín yìí, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn bọ̀ ni?”

Ojú tì mí. Mo pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi. Ọmọbìnrin tó gbé e fọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀: “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ kọ ọ́ wá, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Tí kò bá sí orúkọ èèyàn nísàlẹ̀ rẹ̀, a ò lè jáde.” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Mo ti gbé ìwà òdìkejì afárá wálé. Òfin tọ̀hún á wá ẹrẹ̀ rí fúnra rẹ̀. Tiwa ń sùn nínú fáìlì, ó ń retí ẹni tó máa jí i, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ní ojú tí gbogbo abúlé mọ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Embong, torí òun ni olórí abúlé, pé kí a jọ fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ó ní: “Hamidon, omi tó dàrú á padà tòrò. Ọmọ tó bá lọ ńkọ́, ta ló ń dá a padà? Ka àwọn ilé tó wà ládùúgbò yìí kí o sọ èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ fún mi. Ilé gíga yẹn ló máa kó wọn wálé. Ti Norlela náà wà níbẹ̀, àjà kẹrìnlá. Àbí o ti gbàgbé ni?”

N kò gbàgbé. O sọ pé yàrá tó dojú kọ omi ni o fi sílẹ̀ fún mi. Mo ti ra àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun síbẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀fọn lè gun òkè dé àjà kẹrìnlá. Ó wù mí kí o wálé ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ya ìwé ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jí láàárọ̀, àwọn ìgò náà ni mo kọ́kọ́ ń rí, ẹrẹ̀ ti jókòó sídìí gbogbo wọn, mo sì rántí pé orúkọ mi ló ṣáájú nínú ìwé tó gbà wọ́n láyè. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo kó ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sínú páálí, mo sì gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dé. Wọ́n bu omi, wọ́n wo aṣọ tó ya, wọ́n ní kí iṣẹ́ dúró títí àwọn tó ń kọ́lé yóò fi ta aṣọ mìíràn, tí wọn yóò sì gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ máa dúró sí. Wọ́n dá àwọn ìgò mi padà.

Láti ọjọ́ náà, abúlé ò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Embong sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. O mọ bí a ṣe ń pe èèyàn síbi àsè nílùú wa, ẹnu la fi ń pè wọ́n láti ilé dé ilé. Mo ti wẹ̀, mo ti dé fìlà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń pè yà sílé Kalsom, ó kọjá níwájú mi, ó yà sílé tó tẹ̀ lé tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá wọn ro ìkòkò ẹran níbi irú àsè bẹ́ẹ̀ tí mo bá wálé. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọkùnrin nídìí iná. Mo sunkún, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Nírọ̀lẹ́, Kalsom gbé àwo kan wá, ó bò ó, ó ní: “Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rò kò sí níbẹ̀.”

N kò tọrọ àforíjì fún ìwé tí mo kọ. Ohun tí mo ń tọrọ àforíjì fún ni pé mi ò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Ẹ̀rù bà mí pé tí o bá ní kí n má kọ ọ́, màá gbọ́ tìrẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lórí afárá ní àlọ àti àbọ̀. Kò ní jẹ́ kí ilé tó o fi làágùn kọ́ wó mọ́ ọ lọ́wọ́. Á jẹ́ kí o bímọ tí á mọ ọ̀nà ilé, kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn jìnnà sí ọ bí tìrẹ ṣe jìnnà sí mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń wo ọ̀nà,
Hamidon.

Mo tún rántí: Kalsom tó ń lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Woodlands ni mo fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú ìgò kan. Òwúrọ̀ òní ni mo bu omi inú rẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún tí iṣẹ́ ti dúró. Gbé e sókè kí oòrùn là á já. Lẹ́yìn náà, bí inú bá ń bí ọ, má pè mí lórí fóònù. Wá bínú nílé. Mo ti ta àwọ̀n ẹ̀fọn náà sí yàrá rẹ àtijọ́.